Onílé Inú Ògiri

Kò! Kò!

Ìró ọ̀pá lórí ilẹ̀ pákó ni. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti fi ìlú yẹn sílẹ̀, omi ńlá sì ti wà láàárín wa, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀pá kan ilẹ̀ pákó níbikíbi, ọwọ́ ọ̀tún mi á gbéra fúnra rẹ̀, bí ìgbà tó fẹ́ yí nǹkan.

Èmi ni mo máa ń dúró ti ẹ̀rọ àwòrán nínú Ẹgbẹ́ Ìtàn àti Ẹ̀dá. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ la máa ń pàdé, nínú gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ á dúró níwájú, á di ọ̀pá alága mú. Bó bá fẹ́ àwòrán tó kàn, á fi ọ̀pá kanlẹ̀: kò! Èmi náà á yí ẹ̀rọ lẹ́yìn: kàà! Àwòrán á sì bọ́ sára aṣọ funfun. Kò, kàà. Kò, kàà. Báyẹn ni mo ṣe mọ ìlú mi, láti gbòǹgbò igi rẹ̀ dé orí òrùlé rẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni wá lórúkọ, ṣùgbọ́n ìhà méjì la jókòó sí. Lápá òsì ni àwọn olùfẹ́ ìtàn wà, àwọn tó lè fi odindi ìrọ̀lẹ́ jiyàn lórí ẹni tó kọ́ afárá àti ẹni tó wó o. Ará Eruku la ń pè wọ́n. Lápá ọ̀tún ni àwọn olùfẹ́ ẹyẹ, ewé, labalábá àti àkèré. Ará Kòkòrò nìyẹn. Ọ̀nà tóóró kan ló wà láàárín, ẹnikẹ́ni kì í sì dédé ré e kọjá.

Kí ìjà má baà pọ̀ jù, àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ti fi òfin méjì lélẹ̀. Bí ará ìhà kan bá sọ̀rọ̀ tán, ìhà kejì ló ni ìbéèrè kìíní. Ẹni tó bá sì sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ níwájú wa, ọdún tó ń bọ̀ ló máa padà wá dúró sójú ibi tó dúró sí, tí á tún un sọ bó ṣe yẹ. Àtúnsọ la ń pe ìyẹn.

Òfin méjì yìí ló so ọkùnrin kan àti obìnrin kan pọ̀, tí wọ́n ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà báyìí. Àwọn méjèèjì ló ro ìtàn náà fún mi, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú sì ní òun lòun jàre.

Bíríkìlà ni ọkùnrin náà. Àwọn ilé àtijọ́ ló máa ń tún ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ le bí awọ, ẹnu rẹ̀ sì dùn, ọ̀dọ́ pọ́ńbélé ni nígbà yẹn. Alága wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ ilé gogoro aago lé e lọ́wọ́ ni, ilé kan tí ẹgbẹ́ wa ni, tó dá dúró ní òpin òpópónà, ni wọ́n bá ní kó wá sọ ìtàn ilé náà fún wa.

Ó fi ọ̀pá kanlẹ̀. Mo yí ẹ̀rọ. Òkè ògiri hàn gbangba: ihò onígun mẹ́rin ní ìlà kan, ìlà funfun gígùn sì ń ṣàn wálẹ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

"Ẹ wo funfun yìí, ẹ̀yin èèyàn mi," ó wí. "Ẹfun tí àwọn baba wa nínú iṣẹ́ fi mọ ilé ni, tí òjò ń fọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Láti ayébáyé, ògiri yìí ṣì ń sunkún ẹfun."

Ará Eruku pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè kìíní wá kan Ará Kòkòrò.

Obìnrin kan dìde lápá ọ̀tún. Iná ẹ̀rọ mi mú ìdajì ojú rẹ̀, ìdajì yòókù wà nínú òkùnkùn. Ilé oògùn ló ti ń bọ̀ tààrà. Ẹ̀wù funfun tó fi ń po oògùn wà lápá rẹ̀, pẹ́ńsùlù kan sì wà nínú irun rẹ̀ tó ti gbàgbé síbẹ̀. Bíríkìlà tó fẹ́ mu omi dá ife dúró lẹ́nu.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá Bíríkìlà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹfun yẹn, ṣé ẹ ti fọwọ́ kàn án rí?"

"Mo fọwọ́ kàn án o! Mo tiẹ̀ tọ́ ọ wò. Bíríkìlà tó mọṣẹ́, ahọ́n ló fi ń dán ẹfun wò."

"Háà!" ni gbogbo apá ọ̀tún ké.

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. "Ó mà ṣe o. Ìgbẹ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni, sà."

Ẹ̀rín tó bú nínú gbọ̀ngàn yẹn, mo rò pé aago ilé gogoro gbọ́ ọ. Ará Eruku gan-an rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà wo àwòrán, ó wo obìnrin náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá bínú jáde. Òun bú sẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ.

"Ó dáa. Mo ti jẹ ẹ́, mo sì ti gbé e mì. Ta ló máa wá kọ́ mi ní ìyókù?"

"Àtúnsọ!" ni alága kígbe látẹ̀yìn tábìlì. "Ọdún tó ń bọ̀!"

Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni alága, ògbólógbòó Ará Eruku, tí kì í fi àyè gba ìdọ̀tí nínú ìtàn. Ohun tí bíríkìlà kò mọ̀ ni pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni obìnrin tó dìde yẹn. Láti ọjọ́ tó ti yan ẹyẹ láàyò, apá ọ̀tún ló ń jókòó sí, tí bàbá rẹ̀ sì ń wò ó láti òdìkejì ọ̀nà bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó gbé ọmọ ẹni lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà gbé àga méjì tó ṣeé ká wá sí ìsàlẹ̀ ilé gogoro.

"Ẹ jókòó, sà. Ẹ má sọ̀rọ̀."

"Títí dìgbà wo?"

"Ẹ ti sọ̀rọ̀ báyìí."

Nígbà tí oòrùn ń lọ wọ̀, wọ́n dé. Ọ̀kan ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀, wọ́n ń fi ìyẹ́ gé ojú ọ̀run bí ẹni fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ. Wọ́n sáré bọ̀ wá sára ògiri bíi pé wọ́n fẹ́ forí sọ ọ́, ni ọ̀kọ̀ọ̀kan bá kó sínú ihò tirẹ̀, láìṣì ilé mú.

Bíríkìlà yanu. "Ẹ mọ ohun tó gbẹ́ àwọn ihò yẹn?" ó béèrè nígbà tó yá. "Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé yìí, igi ni wọ́n tẹ̀ bọnú ògiri kí wọ́n lè rí ibi dúró. Bí wọ́n ṣe kọ́lé tán, wọ́n fa igi yọ. Ojú ẹsẹ̀ àwọn bíríkìlà ni gbogbo ihò yẹn."

Obìnrin náà yíjú sí i. Láti kékeré ló ti ń wo ihò wọ̀nyẹn, kò sì mọ̀. "Ẹ ò ṣe sọ ìyẹn lọ́jọ́bọ̀?"

"Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀. Ẹnìkan ló dìde tó ní mo jẹ ìgbẹ́."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni. Obìnrin náà ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ akọ ẹyẹ, bí wọ́n ṣe ń mọ ìgbà tí ọmọ ti wà nínú ilé. Bíríkìlà náà ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka kan ògiri kí wọ́n lè gbọ́ ibi tó ṣófo. Ìgbà tí "ẹ jókòó" di "jókòó", kò sí ẹni tó kíyè sí i nínú wọn. Obìnrin náà sọ ọkùnrin náà ní Ajẹfun. Ọkùnrin náà dán Ẹlẹ́yẹ wò.

"Jọ̀ọ́ o! Má pè mí ní ẹlẹ́yẹ láàárín ìgboro. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi nílùú ni?"

"Bí wọ́n bá lé ọ, màá gbé àga mi tẹ̀ lé ọ."

Nílé, ìyá bíríkìlà ń fi ojú àgbà wò ó.

"Ọkọ mi, iṣẹ́ wo lò ń ṣe tí ẹyẹ fi ń yàgbẹ́ sí ọ léjìká?"

"Ìwádìí ni, Màmá."

"Ìwádìí! Ó jọ pé ìwádìí náà ń kun atíkè, torí òórùn rẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀wù rẹ. Mú un wálé, kí èmi náà wádìí rẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bíríkìlà gbá ọwọ́ obìnrin náà mú lórí àga. "Mo ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ bi ọ́."

Ó fi ìka dí i lẹ́nu. "O ti gbàgbé òfin? Ìhà kejì ló ni ìbéèrè kìíní. Èmi ni n ó bi ọ́, lọ́jọ́ tó bá wù mí. Ṣe sùúrù, Ajẹfun mi."

Sùúrù yẹn gan-an ni kò ṣe.

Ilé oògùn rán obìnrin náà lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú mìíràn. Ní àsìkò kan náà, àwọn ẹyẹ kó àwọn ọmọ wọn, wọ́n gbéra lọ síbi tí wọ́n máa ń lọ lọ́dọọdún. Ìsàlẹ̀ ilé gogoro wá dá páropáro. Ìdánìkanwà mú ọkùnrin náà dé ọ̀dọ̀ alága.

"Bàbá, mo wá nítorí ọmọ yín."

Alága yọ awò ojú rẹ̀. "Èmi ò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ń kọ́? Mo ní kí o tún ògiri ṣe, ihò ṣì wà níbẹ̀ tí ìdọ̀tí ń ṣàn. Ògiri tó bá lanu, aláǹgbá ló ń pè. Dí i kí ó dán. Lọ́jọ́ tí mo bá rí ògiri tí kò lanu, èmi náà á lanu, a ó jọ sọ̀rọ̀ ọmọ."

Bíríkìlà gun òkè lọ. Ó yẹ ihò kọ̀ọ̀kan wò. Kò sí ẹyin, kò sí ọmọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí ẹni tí òun ṣẹ̀. Ó gé òkúta, ó dí wọn, ó sì fọ ìlà funfun náà nù. Iṣẹ́ náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí alága fi rìn yí ilé ká, tí kò rí ojú ihò kan. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé gogoro padà, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Obìnrin náà dé ní ọ̀sán. Kò tíì gbé àpò rẹ̀ délé tó fi dé ìsàlẹ̀ ògiri.

"O dí i."

"Wọ́n ti lọ, olólùfẹ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹyọ kan nínú ilé."

"Wọ́n máa padà. Ihò tí kálukú ti jáde ló ń padà sí. Bí èmi bá rìnrìn àjò, tí o pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé, ṣé o máa ní o ò ṣẹ̀ mí torí pé n kò sí nílé?"

Bíríkìlà wá sọ ọ̀rọ̀ tó burú jù. "Bàbá rẹ ní bí mo bá dí i, àwọn máa fi ọ́ fún mi."

Obìnrin náà rọra gbé àpò rẹ̀ nílẹ̀. "Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fi mí dí ihò. Ẹ ò bi àwọn ẹyẹ, ẹ ò sì bi èmi náà. Mo mọ bàbá mi. Ìwọ ni mo rò pé mo mọ̀."

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Má tọrọ àforíjì, ẹnu rẹ ti dùn jù. Wọ́n ní kí n wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìlú tí mo ti ń bọ̀ yìí, mò ń lọ. Lọ́jọ́ tí onílé bá dé inú ilé rẹ̀, kí o ránṣẹ́ sí mi. Ṣáájú ìyẹn, n kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan."

Ó lọ lóòótọ́. Nígbà tí alága pe bíríkìlà pé kó wá kí àwọn sọ̀rọ̀ ọmọ, ohun tí ọkùnrin náà sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Bàbá, ọmọ ti lọ."

Kò lè kàn gba òkè lọ kó tún un ṣí. Ilé ẹgbẹ́ ni, kọ́kọ́rọ́ sì ti padà sápò alága. Ibì kan ṣoṣo ló kù tó ti lè sọ̀rọ̀ tí òfin fi máa mú kí wọ́n gbọ́ ọ. Ó dúró de ìpàdé tí ẹgbẹ́ fi ń ṣí ọdún rẹ̀, kó tó di àsìkò ẹyẹ.

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ Àtúnsọ. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ wá rẹ́rìn-ín. Àga kan péré ló ṣófo, ìyẹn lápá ọ̀tún. Kò sí Ará Kòkòrò tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀.

Kò! Mo yí ẹ̀rọ. Àwòrán ọjọ́sí ló jáde.

"Lọ́dún tó kọjá, mo ní ẹfun ni. Ìgbẹ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni. Mo tọ́ ọ wò. N kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀."

Ẹ̀rín. Ó jẹ́ kí ó rọlẹ̀.

"Ibi tí òfin ní kí n dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n àṣìṣe mi jù bẹ́ẹ̀ lọ." Kò! Ògiri dídán ló bọ́ sára aṣọ. "Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe láyé mi rèé. Ẹ wá ihò nínú rẹ̀, ẹ ò ní rí. Àwọn baba iṣẹ́ mi ló fi ihò wọ̀nyẹn sílẹ̀, níbi tí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ lé. Èmi tí mo ní mò ń tọ́jú ìtàn, mo pa ojú ẹsẹ̀ wọn rẹ́. Mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn onílé tó rìnrìn àjò. Mo ṣe é nítorí pé mo fẹ́ nǹkan kan kíákíá. Nǹkan náà gan-an ni mo fi pàdánù. Mo bẹ ẹgbẹ́ yìí: ẹ jẹ́ kí n ṣí i."

Ó gbé ọ̀pá lélẹ̀, ó jókòó. Ìhà kejì ló ni ìbéèrè kìíní. A dúró. Kò sí Ará Kòkòrò kan tó dìde. Gbogbo wọn ń wo àga tó ṣófo.

Ni alága bá dìde. Ó rìn jáde lẹ́yìn tábìlì, ó dé ojú ọ̀nà tóóró yẹn, ó dúró díẹ̀, ó sì ré e kọjá. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga ọmọ rẹ̀.

"Èmi ló máa béèrè fún ìhà yìí." "Ọ̀gá Bíríkìlà, ẹyẹ tí wọ́n tilé mọ́, bí wọ́n bá tún un ṣí, ṣé á wọlé?"

"N kò mọ̀, Bàbá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sí níbí."

"Ìbéèrè kejì..."

"Ẹyọ kan ni òfin wí, Alága!" ni arúgbó kan pariwo láàárín Ará Eruku.

"Ìwọ jókòó jẹ́ẹ́! Àbí ta ni alága?" Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde lápò. "Kí ọmọ mi tó lọ, ó ní n kò bi òun rí nípa ohun tó wu òun. Òótọ́ ló sọ. Ìbéèrè mi kejì ni pé, ṣé o máa jẹ́ kí n bá ọ di àkàbà mú?"

Ó bá a di àkàbà mú lóòótọ́, ó tún ń pàṣẹ fún un látìsàlẹ̀ bí ọmọ kíláàsì. Bíríkìlà gbẹ́ iṣẹ́ tó dára jù láyé rẹ̀ dà nù, òkúta kan lẹ́yìn òmíràn. Ìyá rẹ̀ ń gbé omi wá. Nígbà tí wọ́n ṣí i tán, wọ́n gbé àga méjèèjì sójú ibi tí wọ́n máa ń wà. Bíríkìlà jókòó sí ọ̀kan. Alága gbé àpótí tirẹ̀ wá láti ilé; kò jókòó lórí àga ọmọ rẹ̀.

Aláǹgbá ló kọ́kọ́ wọlé. Ó yọ orí nínú ihò kìíní, ó sì ń mi orí sí wọn.

"Mo wí i!" ni alága ké. "Ṣé mi ò wí i?" Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ojú ọ̀run ṣófo. "Ránṣẹ́ sí i," ni ìyá bíríkìlà ń sọ. "Sọ fún un pé o ti ṣí i. Ìyẹn náà tó."

"Kò ní kí n ránṣẹ́ ihò sí òun, Màmá. Onílé ló ní."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ àkéte ẹnìkan tí atẹ́gùn gbé ni wọ́n ń sọ, tí alága fi dákẹ́ láìparí gbólóhùn. Ó gbá apá bíríkìlà mú pinpin. Ó kàn ń nàka sókè.

Bíríkìlà sáré dé ilé ìfìwéránṣẹ́ bí akọ̀wé ṣe fẹ́ ti fèrèsé. Akọ̀wé ní wáyà, ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kì í gùn báyẹn. Bíríkìlà ní kó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú férémù ni ìwé náà wà ní pálọ̀ tọkọtaya náà títí di òní, òun sì ni nǹkan tí mo kà kẹ́yìn nínú ilé wọn kí n tó wọkọ̀ kúrò nílùú:

"Onílé ti dé. Méjì wọ ihò kẹta nírọ̀lẹ́ yìí, bàbá rẹ ló kọ́kọ́ rí wọn. Àga rẹ ṣófo, a ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Ìhà kejì ló ni ìbéèrè kìíní, olólùfẹ́ mi. Wá bi mí. Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn mi."